Kí Ló Ń Mú Kí Ìwé Ara Ẹ̀wù Máa Bó?

Àwọn tó wá sí ìpàdé oṣù tó kọjá rí i nígbà tí ìyá kan nínú wa tú àpò ńlá kalẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Tíṣẹ́ẹ̀tì ìsìnkú 60 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, orúkọ olóògbé ti ń ká sókè láyà wọn bí ewé gbígbẹ. Àwọn ọmọ olóògbé kó gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n ní owó àwọn làwọn fẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dọ̀ wa ni ìyá yìí ti yá owó tó fi ra ẹ̀rọ, ó ṣì ku oṣù 7 kó san án tán. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì kò lè jókòó dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ìyá ní ayédèrú rọ́bà ni wọ́n tà fún òun. Èmi akọ̀wé yín náà kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kan nínú wa tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ní ká lọ wo ṣọ́ọ̀bù ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Rọ́bà náà, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní fáínìlì, ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Iná ló ń yọ́ gọ́ọ̀mù yìí, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń tì í wọ inú òwú. Bí iná, agbára ìtẹ̀ tàbí àkókò bá dín, orí aṣọ ni yóò kàn jókòó sí. Fún ẹ̀wù òwú, púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ iná tó nǹkan bí 150 sí 160 Sẹ́ńtígíréèdì, fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Pọ́lísítà kò fẹ́ iná tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe rọ́bà bá kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, títí kan bóyá ní gbígbóná tàbí ní tútù ni kí ẹ bó ike òkè rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí a débẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀wù wà. Bàbá gbé ọ̀kan mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ̀wù yín ti fa ọ̀rinrin o." Ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ lásán fún ìṣẹ́jú àáyá 5, láìfi rọ́bà sí i. Bó ti ṣí i, ooru omi rú sókè níṣojú wa! Omi yẹn ni kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù di aṣọ mú.

Nígbà tí ẹ̀rọ tutù, ó gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ 4, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun, ó pa ẹ̀rọ dé, ó wá ń fà wọ́n. Mẹ́ta kò mì. Ti igun òsì níwájú jáde wọ́ọ́rọ́. A padà wo àwọn ẹ̀wù: apá ibẹ̀ gan-an ni ìwé ti kọ́kọ́ ká. Ìyá tún ti gé fóòmù mátírẹ́ẹ̀sì tẹ́ sábẹ́, nítorí ó rò pé ó máa gba aṣọ lọ́wọ́ jíjó. Fóòmù yẹn ló ń gbé agbára ẹ̀rọ mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo áyọ́ọ̀nù ilé, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ lo tábìlì líle, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ níbi kan níbi kan, ẹ má wọ́ ọ. Àmọ́ ní tèmi, ẹ má fi gba iṣẹ́ ẹ̀wù 60. Jẹnẹrétọ̀ tó kéré jù kò sì lè gbé ẹ̀rọ yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ ju 1,000 wáàtì lọ.

Bàbá yọ fóòmù, ó tún igun òsì dì, ó fi pépà tí wọ́n fi ń yan kéèkì bo ìwé náà, ó tún wọn tẹ̀. 43 lẹ̀ padà. Àwọn 17 tó kù, ìdọ̀tí ti wọ gọ́ọ̀mù wọn. Ó pé wákàtí 24 kó tó fọ méjì wò, ó yí inú wọn síta, kò sì lo bíliṣì. Wọn kò bó. Àwọn ọmọ olóògbé gba 43, ìyá dá owó 17 padà. Owó àyálò oṣù yìí ti wọlé, ọjọ́ 4 péré ló fi pẹ́.

Bàbá yóò mú pépà àti ẹ̀rọ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán tirẹ̀ wò, kó mú ẹ̀wù kan lọ́wọ́.