Ẹ Ṣọ́ Ẹ̀yìn Ayùn

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa oníṣẹ́ káfíńtà, lórí ẹ̀rọ ayùn, eyín tó kọjú sí yín ń gé wálẹ̀. Ti ẹ̀yìn ń yí sókè. Bí ojú ibi tí a là lára pákó bá padé, tó há mọ́ ayùn (pákó tútù burú jù), eyín ẹ̀yìn á gbé e sọ padà lu ẹni tó ń tì í. Ìdí nìyí tí irin pẹlẹbẹ fi wà lẹ́yìn ayùn. Àwọn tó ń yọ ọ́ ń ṣe ara wọn. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró ní ọ̀gangan rẹ̀. Igi ni kí ẹ fi ti ìparí pákó. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́: ayùn lè fà á tòun tọwọ́. Bí iná bá lọ, ẹ pa síwíìṣì lójú ẹsẹ̀. Bí iná bá dé lójijì nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ń gbá lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn ńkọ́?