Ẹni Tó Ń Bá Ìbọn Gbélé, Ó Yẹ Kó Mọ Orúkọ Ẹ̀yà Ara Rẹ̀

Nílé ọdẹ, ìyàwó ló ń gbálẹ̀ yí ìbọn ká, ọmọ ló ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi wọ́n pé èwo ni apátí, èwo ni ẹ̀tù, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sọ́dọ̀ ọdẹ nìkan o!

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ìbọ́n ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ kọ òun? Apátí ni irin kékeré tí ìka ọdẹ ń fà kí ìbọn tó yìn. Ẹnu ìbọn ni ọta ń gbà jáde. Ìdí ìbọn ni igi tí ọdẹ ń fi ti èjìká. Ẹnu ìbọn ò gbọdọ̀ kọjú sí èèyàn, ìbáà ṣófo. Ìka ò sì gbọdọ̀ dé apátí títí ọdẹ á fi rí ẹran kedere, tó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà.

ṢAKABÙLÀ

Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ṣakabùlà. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i, á fi nǹkan dí i, á da ọta lé e, á tún dí i, á wá fi ọ̀pá ìkìbọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin. Tó bá fa apátí, òòlù kékeré ẹ̀yìn ìbọn á balẹ̀, iná á ṣẹ́, ẹ̀tù á gbaná.

Ewu ibẹ̀ ni pé èèyàn ò lè wò ó lóde kó mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú ẹ̀. Ọ̀pá ìkìbọn ló ń sọ òótọ́. Kí ọdẹ kọ́kọ́ yọ ohun tó ń ṣẹ́ná kúrò, kó wá rọra ti ọ̀pá náà bọ ẹnu ìbọn. Tí ọ̀pá bá dúró kó tó dé ìsàlẹ̀, ẹ̀tù ṣì wà níbẹ̀ o!

Tí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, kí ọdẹ má yọjú wo ẹnu ẹ̀. Iná lè ṣì máa jó lọ nínú. Kó dojú ẹ̀ kọ ibi tí ò séèyàn, kó dúró fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán.

Ẹ̀tù la fi ń pa ẹtu, ẹ̀tù náà ló ń pa ọdẹ tí kò bá ṣọ́ra. Ẹ má gbé e sítòsí àdògán. Tó bá sì pọ̀ jù nínú ìbọn, ìbọn á bẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n fi páìpù omi ṣe.

ẸLẸ́NU MÉJÌ

Kátíríìjì ni tiẹ̀: ẹ̀tù, ọta wẹ́wẹ́ àti ohun tó ń ṣẹ́ná, gbogbo ẹ̀ wà nínú ike kan ṣoṣo. Nọ́ńbà 12, 16 àti 20 ló wà lára wọn. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ mọ òṣùwọ̀n, ẹ gbọ́ o: níbí, nọ́ńbà tó pọ̀ jù lẹnu ẹ̀ kéré jù. Tí wọ́n bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí ọta róbótó 12 tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á bá ẹnu ìbọn 12 mu. Tí wọ́n bá pín in sí 20, ọta á kéré sí i, ẹnu ìbọn náà á kéré.

Kátíríìjì 20 tó bá bọ́ sínú ìbọn 12 á yọ́ wọlé, á há láàárín. Ọdẹ lè rò pé ibẹ̀ ṣófo, kó tún ki 12 tẹ̀ lé e. Tó bá yìn ín, ìbọn á bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ṣe 20 ní àwọ̀ yẹ́lò.

ÒJÉ NÍNÚ ẸRAN

Òjé ló pọ̀ nínú ọta wẹ́wẹ́, májèlé sì ni òjé, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹran ìgbẹ́, ẹ gé ibi tí ọta bà àti ẹran tó yí i ká, kẹ́ ẹ dà á nù.

ÌWÉ ÀṢẸ

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé alágbẹ̀dẹ abúlé ló rọ ti òun. Òfin ìbọn ọdún 1959 ní Nàìjíríà mẹ́nu ba ṣakabùlà náà: ó nílò ìwé àṣẹ.

Ẹ̀yin ìyàwó ọdẹ, kí ìbọn ṣófo kó tó wọlé, kẹ́ ẹ tì í mọ́ ibi tọ́wọ́ ọmọdé ò tó, kí ẹ̀tù wà lọ́tọ̀. Tí baálé bá ti oko dé, ẹ má tijú. Kẹ́ ẹ tó gbé omi fún un, ẹ bi í pé: "Baba ọmọ mi, ṣé nǹkan ò sí nínú ẹ̀ mọ́?"