Ráṣẹ́ẹ̀tì oníbátìrì mọ eré é sá, kò mọ ìjà á jà

Orí nọ́ọ̀tì táyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń kọ́kọ́ dán ráṣẹ́ẹ̀tì oníbátìrì wò, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń dójú tì wọ́n. Wọn á tẹ̀ ẹ́, á kùn díẹ̀, á dákẹ́, nọ́ọ̀tì ò ní mira. Ẹni tó rà á á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Bóyá kì í ṣe ayédèrú rárá. Toyota ní kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì táyà Corolla àti Camry dé 103 Nm, ìyẹn Newton-mítà, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí agbára tó ń yí nǹkan ṣe pọ̀ tó. Ráṣẹ́ẹ̀tì oníbátìrì kékeré tó jẹ́ 12V kì í sábà ju 47 Nm lọ; àwọn tó le jù ú lọ díẹ̀ ń lọ bíi 75 sí 80. Ẹ wá wo fọkanáísà tó gbé wíìlì sípánà onídajì mítà sórí nọ́ọ̀tì, tó sì fi gbogbo ara gùn ún. Bí ó bá wọn kìlógíráàmù 70, nǹkan bí 340 Nm ló fi ń bá nọ́ọ̀tì yẹn wí. Ráṣẹ́ẹ̀tì kékeré wo ló fẹ́ bá a figagbága?

Kí wá ni wọ́n ń fi irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Eré ni wọ́n ń fi sá.

Ráṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ tí gbogbo wa mọ̀ ti pẹ́ láyé. J.J. Richardson, ará Woodstock ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ tó ń gba oríṣiríṣi sọ́kẹ́ẹ̀tì ní 1863, ọdún méjì lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ Èkó di tiwọn. Kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan wà nínú orí rẹ̀, ahọ́n irin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà tó ń bọ́ sáàárín eyín. Bí ẹ bá fà á síbìí, ahọ́n á há, nọ́ọ̀tì á yí. Bí ẹ bá dá a padà, ahọ́n á máa yọ́ kọjá lórí eyín, ká-ká-ká-ká, nọ́ọ̀tì á dúró sí ibi tó wà. Oníbátìrì kò yí ìlànà yìí padà. Ẹ̀rọ kékeré kan tó wà nínú ọwọ́ rẹ̀ ló kàn gba lọ-bọ̀ yẹn lórí ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí bóòtù kan ṣoṣo. Bóòtù M8 ni sípánà nọ́ńbà 12 sábà máa ń tú lára Toyota. Lára ọkọ̀ Jámánì, nọ́ńbà 13 ni. Bí irú bóòtù bẹ́ẹ̀ bá gùn ní mìlímítà 30, ó gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún kó tó jáde tán, torí mìlímítà 1.25 ló ń rìn ní ìyípo kan. Ká ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ló wà, níbi tí àyè kò ti gba ọwọ́ ráṣẹ́ẹ̀tì ju ìdá kan nínú méjìlá ìyípo lọ, ẹ ó fà á lẹ́ẹ̀méjìlá kí bóòtù tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Méjìlá lọ́nà 24, ó di 288. Fún bóòtù kan ṣoṣo, tí apá yín sì ń gbo ara irin gbígbóná! Ráṣẹ́ẹ̀tì oníbátìrì tó ń yí ní ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan á yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méje sí mẹ́jọ.

Ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń kọ́kọ́ já bóòtù tó ti gan, kí ẹ̀rọ tó gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì ki páìpù bọ ọwọ́ ráṣẹ́ẹ̀tì oníbátìrì láti fi kún gígùn rẹ̀, bí a ti ń ṣe sí ti irin lásán. Eyín inú rẹ̀ á run, owó á sì run tẹ̀lé e.

Gowon Estate ní Ìpàjà, ní Èkó, jẹ́ irú ibi tí eré yìí ti wúlò. Ojúde ilé ni ọ̀pọ̀ ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Mẹkáníìkì á wá bá yín láàárọ̀ Sátidé, òun àti ọmọṣẹ́ kan àti àpótí irinṣẹ́ kan. Ráṣẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń yí ti wà tipẹ́, agbára rẹ̀ ò sì kéré, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wọ kọ̀rọ̀pẹ̀? Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ hóòsì méjì ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,500, ó sì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ará Èkó sọ ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e. Iná NEPA ńkọ́? Ikeja Electric ló ń pín iná fún wa lágbègbè yìí. Nínú ètò ìsọ̀rí tí ìjọba gbé kalẹ̀, ìsọ̀rí A ló yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, D wákàtí mẹ́jọ, E wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó wà ní D kò lè so iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ìgbà tó bá wu iná láti dé.

Bátìrì ráṣẹ́ẹ̀tì kò bìkítà ìgbà tí iná dé. Bátìrì 12V tó jẹ́ 2Ah kò gbà ju wáàtì-wákàtí 22 lọ. Ẹ fi èyí tó máa ṣòfò nínú ṣájà kún un, ẹ pè é ní 30. Bí a bá fi ₦209.50 fún yúníìtì kan ṣírò rẹ̀, owó ìsọ̀rí A tí wọ́n kéde ní Oṣù Keje 2024, kò tó náírà méje láti ṣájì í kún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò lè jí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á ṣe é láìmí gúlegúle. Aládùúgbò tó ṣì ń sùn kò sì ní wá kan ilẹ̀kùn yín.

Ó wúlò fún àwọn tó ń to páńẹ́ẹ̀lì sọ́là náà, iṣẹ́ wọn sì ti gbèrú láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Oṣù Karùn-ún 2023. Lórí òrùlé tó ń yọ̀, ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ di nǹkan mú. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún bóòtù nọ́ńbà 13. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tí ráṣẹ́ẹ̀tì yìí bá mu jù ìyẹn lọ.

Àmọ́ irinṣẹ́ kan náà tí kò lágbára tó láti tú nọ́ọ̀tì táyà lágbára tó láti ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú láti da ọ́ìlì nù lábẹ́ ọ̀pọ̀ Corolla, 37 Nm ló fẹ́. Àwọn bóòtù nọ́ńbà 10 tó de tọ́pù kọ́fà, nǹkan bí 10 Nm péré. Ẹni tó bá tẹ ráṣẹ́ẹ̀tì 47 Nm mọ́lẹ̀ títí tó fi dúró fúnra rẹ̀ ti lè fún bóòtù kékeré yẹn kọjá òdiwọ̀n ní ìlọ́po mẹ́rin. Alumíníọ̀mù sì ni irin tí bóòtù náà wọnú rẹ̀, kò ní agídí bíi irin dúdú. Tírẹ́ẹ̀dì á jẹ, ọ́ìlì á máa jò sórí ẹ́ńjìnì, ẹni tó fẹ́ fi wákàtí kan ṣe sáfíìsì á wá máa wá ẹni tó ń gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì tuntun.

Ọwọ́ náà lè ba tírẹ́ẹ̀dì jẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń gbọ́ nígbà tí bóòtù bá wọ ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní ìyípo kejì ló ti máa le, ẹ ó sì dá a padà. Ẹ̀rọ ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń fi ìka bẹ̀rẹ̀ bóòtù, ó kéré tán ìyípo méjì, kí ráṣẹ́ẹ̀tì oníbátìrì tó gbé e dé ìdí. Bó bá ti kan irin, wọ́n á fọwọ́ kúrò, wọ́n á sì fi tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, sípánà tó ń sọ ìwọ̀n Nm, parí rẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀ọ̀mù bá bi mí léèrè èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ fowó rà nínú méjèèjì, tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì ni màá sọ. Kò ní mú un yára, kò sì ní mú un gbayì lójú oníbàárà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó ba tírẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnì wọn jẹ́.

Ewu tí àwọn olùtajà kì í sábà mẹ́nu bà wà fún ìka ọwọ́. Ohun tó ń yí bóòtù sọ́tùn-ún ń ti ara rẹ̀ sósì pẹ̀lú agbára kan náà. Òfin Newton ni. Impact tí àwọn fọkanáísà ń lò yàtọ̀: ó ń fi òòlù kékeré inú rẹ̀ gbá nọ́ọ̀tì lemọ́lemọ́, kì í sì í lọ́ ọwọ́ ẹni tó dì í mú tó bẹ́ẹ̀. Ti ráṣẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí bóòtù bá dúró lójijì, 47 Nm lórí ọwọ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25 dà bí ẹni fi garawa omi lítà 19 kọ́ yín lọ́rùn ọwọ́ láìkìlọ̀. Bí ìka bá wà láàárín ráṣẹ́ẹ̀tì àti ẹ́ńjìnì, á há síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa fì sí, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Orí rẹ̀ sì nípọn ju ti ráṣẹ́ẹ̀tì irin lọ. Ibi tó há jù lọ lára ẹ́ńjìnì, níbi tí ẹ ti fẹ́ ẹ jù lọ, lè jẹ́ ibi tí kò ní wọ̀.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló ń jẹ owó. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà nínú èyí tí wọ́n ń pè ní 12V. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fún wa ní 3.6V lójú iṣẹ́, 4.2V bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 48VF tàbí 88VF gàdàgbà sí lára, ẹ ka sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Márùn-ún ló sábà máa ń jẹ́, márùn-ún lọ́nà 4.2 sì jẹ́ 21V. Ọ̀ṣọ́ lásán ni nọ́ńbà yòókù. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá máa ń kìlọ̀ pé kí ẹ má ṣájì í nínú òtútù dídì. Ní Ìpàjà? Ooru ni tiwa. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sínú búùtù ọkọ̀ lójoojúmọ́ nínú oòrùn á tètè gbó, bátìrì ilé-iṣẹ́ kan kì í sì í wọ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Dọ́là ló ń sọ iye tí ẹ máa fi ra òmíràn. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 kí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tó tú u sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi máa di Oṣù Kejì 2024.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ yí ṣájà rẹ̀ padà kó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Iná wọn jẹ́ 120V, tiwa jẹ́ 230 sí 240V. Bí wọ́n bá kọ 100-240V, kò séwu. Bí 120V nìkan ni wọ́n kọ, ẹ máa ra tàǹsífọ́mà tó ń dín iná kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ti ìlú Ọba kò ní wàhálà yìí, títí kan púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ pé ọ́ìlì ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń pààrọ̀ kò nílò rẹ̀. Ráṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ tó ní eyín 72, tó ń mú ní gbogbo ìwọ̀n ìyí márùn-ún nínú 360, á wọ ibi tó há, kì í sì í béèrè ṣájà. Mẹkáníìkì tó ń sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ léraléra àti ẹni tó ń to sọ́là ni ó yẹ kó rà á, pẹ̀lú bátìrì méjì, kó sì jẹ́ irú bátìrì tí dírílì tó ti ní tẹ́lẹ̀ ń lò. Ní ìsọ̀, kí wọ́n ní kí olùtajà fi bátìrì sí i, kí wọ́n sì fi ìka rọra tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Èyí tó dára á rọra bẹ̀rẹ̀, á máa yára bí ìka ṣe ń wọlé. Bó bá jẹ́ pé lẹ́ẹ̀kan náà ló fò dé ibi tó yára jù, kí wọ́n dá a padà fún un.