“Ẹni Méjì Lò Ń Jẹun Fún!”: Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Tó Ń Di Ẹrù Sórí Abiyamọ

“Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà. Mo ti yó.”

“O yó? Ìwọ lo yó, ọmọ inú ńkọ́? Ẹni méjì lò ń jẹun fún o! Ẹ bá mi bu òkèlè kún un fún un.”

Ta ni kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí nínú ilé Yorùbá? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà. Ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ìyá ọkọ tó fẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun rù kan eegun nínú oyún, kí aráyé máa sọ ọ́ kiri pé ebi ló fi ń pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí aboyún bá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀ tán, tí wọ́n ti sọmọ lórúkọ, tí àwọn tó wá jẹ ìrẹsì ti gba ilé wọn lọ, abiyamọ nìkan ni wọ́n fi ẹrù sílẹ̀ fún. Bùbá tó ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gba apá rẹ̀ mọ́. Bó bá rìn dé ìdí ọkọ̀, á máa mí hẹlẹ. Ọmú tó yẹ kó ti máa ṣàn, kò tètè dé. Bẹ́ẹ̀ ni owó mílíìkì inú agolo ń jẹ owó ọjà lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé oúnjẹ inú oyún, ìsanra ẹ̀yìn ìkúnlẹ̀ àti ọmú ọmọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmú òun dáa lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, inú oyún ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

ÒṢÙWỌ̀N TÍ ỌLỌ́JÀ KÌ Í BÉÈRÈ

Lọ́jọ́ kílíníìkì, àwọn aláboyún á jókòó tò lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ìyá, ẹ bọ́ bàtà, ẹ gorí òṣùwọ̀n.” Nọ́ọ̀sì á wo òṣùwọ̀n, á kọ nǹkan sínú káàdì. “Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó kàn!” Ó parí.

Ẹ wá wò ó o. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òṣùwọ̀n rẹ́ òun jẹ lọ́jà, tó máa ń jà bí wọ́n bá fi díẹ̀ dín kóńgò gàrí rẹ̀ kù, ó gorí òṣùwọ̀n ara rẹ̀, kò béèrè iye tí òun wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n yẹn ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Oyún tó ń lọ geere lára obìnrin tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n máa ń fi nǹkan bíi kílò 12 àbọ̀ kún un títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Kì í ṣe ọmọ nìkan ló wọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò ju kílò 3 àti díẹ̀ lọ. Ibi ọmọ àti omi tó yí ọmọ ká jẹ́ kílò kan àbọ̀. Ilé ọmọ tó fẹ̀ sí i àti ọmú tó ń gbèrú tún jẹ́ bíi kílò kan àbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i àti omi ara tó kílò 3. Èyí tó ṣẹ́kù, bíi kílò 3, ọ̀rá ni.

Ọ̀rá kílò 3 yìí ló yẹ kí ìyá mọ ìdí rẹ̀. Ara kò ṣèèṣì kó o pamọ́. Owó òwò ọmú ni. Ẹlẹ́dàá mọ̀ pé abiyamọ yóò máa ṣe wàrà lọ́sàn-án lóru, ó sì fi owó òwò síbi tí ara ti lè rí i mú. Bí ọmọ bá ti ń mu ọmú, ara á máa na owó náà díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá di kílò 8 tàbí 10, ó ti di ọjà àkójù tí kò tà. Ó gba àyè, ó sì ń ná olówó rẹ̀ lówó.

MÉLÒÓ LÓ TỌ́?

Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ní ọdún 2009 ni wọ́n gbé ìlànà kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé níbi púpọ̀ láyé. Wọ́n ní ẹni tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n kó tó lóyún lè fi kílò 11 àbọ̀ sí 16 kún un. Ẹni tó tín-ínrín lè fi 12 àbọ̀ sí 18 kún un. Ẹni tó ti sanra tẹ́lẹ̀, kó wà láàárín 7 sí 11 àbọ̀. Ẹni tó sanra gan-an, 5 sí 9 tó fún un.

Ẹ̀yin náà rí i pé kò sí ẹni tí wọ́n ní kó febi pa ara rẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin tó tín-ínrín tó sì ń sá fún oúnjẹ nínú oyún ń pa ara rẹ̀ àti ọmọ lára ni. Oyún kì í ṣe àkókò tí èèyàn ń wá bí yóò ṣe rù.

“Ẹni méjì” tí wọ́n ń wí yẹn wá ńkọ́? Òótọ́ ni pé méjì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnì kejì kéré púpọ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ara kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ àfikún oúnjẹ kankan. Láti oṣù kẹrin lọ, ohun tí aboyún nílò lójúmọ́ lé orí oúnjẹ rẹ̀ kò ju mọ́ínmọ́ín kan, ẹyin sísè kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Ní oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn, ó lè fi díẹ̀ lé e. Àfikún náà nìyẹn. Kì í ṣe àwo ẹ̀bà kejì, kì í sì í ṣe mínírà ìgò méjì lọ́sàn-án.

BÍ Ọ̀RÁ ÀKÓJÙ ṢE Ń DÁ ỌMÚ DÚRÓ

Bí ibi ọmọ bá ti jáde, ara ìyá á gba àṣẹ pé ó tó àkókò kí wàrà wá. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ọmú á kún. Kó tó dìgbà yẹn, omi ọmú àkọ́kọ́ tó ki, tó sì pọ́n díẹ̀, ló wà níbẹ̀ fún ọmọ. Àwọn kan máa ń fún un dànù pé ó dọ̀tí. Áà! Òun gan-an ni àjẹsára àkọ́kọ́ tí ọmọ máa gbà láyé. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ tuntun náà kò tóbi.

Nígbàkigbà tí ọmọ bá fa ọmú, ọpọlọ ìyá á rán èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ fún ọmú pé kó ṣe wàrà sí i. Àwọn onímọ̀ ti wá rí i pé lára ìyá tó sanra jù, èròjà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde tó ti àwọn yòókù láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmú rẹ̀ sì sábà máa ń pẹ́ ju ọjọ́ kẹta lọ kó tó kún. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, tàbí tí ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún lè pẹ́ sí i.

Kì í ṣe pé kò ní wá. Ó kàn pẹ́ ni. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé nìyẹn. Ọmọ sunkún lóru ọjọ́ kejì, gbogbo ilé ta gìrì. Ẹnì kan ní, “Ọmú ò sí níbẹ̀.” Ẹlòmíràn gbé omi wá. Ẹlòmíràn gbé àgbo wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá ọmọ ti ra mílíìkì. Ọmọ yó, ó sùn, kò fa ọmú mọ́. Ọmú tí wọn kò fà kò sì ní ṣe wàrà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ “ọmú ò sí” á wá di òótọ́.

Àdánù méjì ló ṣẹlẹ̀ yẹn. Ọmọ pàdánù ọmú, omi tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá náà pàdánù ohun tí ì bá bá a na ọ̀rá ara rẹ̀. Nínú ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 lórí ìlera ìdílé ní Nàìjíríà, ọmọ 29 péré nínú 100 lára àwọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan láìsí omi.

ṢÉ ÌMỌ̀RÀN LÈ ṢE NǸKAN KAN?

Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí wọ́n máa bá gbogbo aláboyún sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá, kí ara wọn má baà sanra kọjá ààlà, kí wọ́n sì rí aláboyún ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó bímọ. Ní 2018, àjọ kan náà ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìmọ̀ràn lórí ọmú ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún.

Èrè wo ló wà níbẹ̀? Ní 2017, àwọn olùwádìí kó èsì ìwádìí 36 jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, àwọn aláboyún tó lé ní 12,000. Àwọn tí wọ́n gbà nímọ̀ràn lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá kò sanra tó àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ náà kò tó kílò kan. Deede rẹ̀ jẹ́ ìdá méje nínú mẹ́wàá kílò. Iṣẹ́ abẹ ìbímọ náà dín kù díẹ̀ láàárín wọn.

Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín pé èyí mà kéré o. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Obìnrin tó bá fi kílò 3 péré sára lẹ́yìn oyún kọ̀ọ̀kan, tó sì bímọ mẹ́rin, kílò 12 ló ti gbé kọ́rùn yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kì í jìnnà sí irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn tún ń ṣe nǹkan mìíràn tí òṣùwọ̀n kò lè wọ̀n. Ìyá tí wọ́n ti sọ fún láti inú oyún pé ọmú òun lè pẹ́ díẹ̀ kò ní já láyà lóru ọjọ́ kejì. Á gbé ọmọ sọ́mú láàárín wákàtí kìíní tó bí i, á sì máa fún un lọ́mú ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ọmọ kò bá tọ̀ dáadáa, tàbí tó ń rọ jọwọrọ, á gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì dípò kó sáré lọ ra agolo.

OHUN TÍ ỌWỌ́ LÈ TÓ

Kò sí ohun tó gbówó lórí níbẹ̀. Kí òkèlè dín kù, kí ọbẹ̀ pọ̀ sí i: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú. Ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin ni kó máa gbé ara ró. Kí èso rọ́pò bisikíìtì, kí omi rọ́pò mínírà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ní kílíníìkì, kó máa lò ó.

Ẹsẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Aránṣọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, àti aláṣọ tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ara wọn kò ná nǹkan kan. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti tó, bí dókítà kò bá ti ní kó má rìn. Gbígbé ẹrù wúwo kọ́ ni eré ìdárayá o. Bí ojú àti ọwọ́ bá sì ṣàdédé wú, tí orí ń fọ́ ọ kíkan, tàbí tó rí ẹ̀jẹ̀, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, omi gbígbóná dára fún ìtura, ọ̀já tí wọ́n fi ń di ikùn kò sì burú bí kò bá fún jù. Ṣùgbọ́n àtomi àtọ̀já, kò sí èyí tó ń yọ ọ̀rá. Ẹ̀kọ gbígbóná kì í ṣe wàrà fúnra rẹ̀, kí ẹmu tí àwọn kan ń mu nítorí ọmú sì wà fún àwọn tí kò tọ́mọ lọ́wọ́. Ẹnu ọmọ ló ń pe ọmú. Ìyá tó ń fún ọmọ ní ọmú nìkan á jẹun díẹ̀ sí i, nítorí iṣẹ́ wàrà ń gba agbára lójoojúmọ́ ju ti oyún gan-an lọ, ara á sì mú ìyókù láti inú ọ̀rá rẹ̀. Kò yẹ kó kánjú. Bí ọmú bá ti fìdí múlẹ̀, tó ń fi ìdajì kílò fò lọ́sẹ̀, ó ti ṣe dáadáa.

Ọlọ́jà kò ní ìsinmi ìbímọ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, ìyẹn sì le. Bó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ tẹ̀ lé ìyá dé ìsọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ìyá fọwọ́, kó fún ọmú sínú ife tó mọ́ tó ní ìdérí, kí wọ́n sì fi ife tàbí ṣíbí fún ọmọ. Níbi tó tutù, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bí ooru bá mú, kí wọ́n tètè lò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kílíníìkì tó ń bọ̀, kí aboyún tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ó ní ìbéèrè mẹ́ta tó yẹ kó bi nọ́ọ̀sì: mélòó ni mo wọ̀n lónìí? Mélòó ni mo ti fi kún un? Ṣé ó bójú mu? Bí nọ́ọ̀sì bá ń kánjú, kó tún un béèrè. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ìyá ọkọ náà, tí ìfẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀ látòní, kò ní láti dákẹ́. Kó kàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Bí ìyàwó bá dé láti kílíníìkì, kó fún un lómi mu, kó fà á lága, kó wá bi í pé: “Ìyàwó mi, kí ni òṣùwọ̀n wí lónìí?”