Odò Ti Dọ̀tí, Kí Ló Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Tí àwọ̀ odò kan bá yí padà, tí gbogbo ìlú sì ń sọ pé kẹ́míkà ti wọ inú rẹ̀, kí ló yẹ ká yẹ̀ wò: ṣé odò náà ni, àbí àwọn èèyàn tó ń lò ó? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní odò ni. Kò burú, àmọ́ kò tíì tó. Omi á sọ ohun tó wà nínú omi fún wa. Ohun tó ti wọ ara, ara nìkan ló lè sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tá a wà ní Ẹdẹ gan-an. Láti Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ń bọ̀. Ó gba Òṣogbo kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ wa, kó tó lọ wọ ọ̀sà ní Lẹ́kí. Àwọn odò kéékèèké láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi táwọn èèyàn ti ń wa wúrà, ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ṣé ẹ rántí bí omi náà ṣe pọ́n bí omi amọ̀? Lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń sún mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu omi odò náà. Ìkìlọ̀ dáa. Àmọ́ ọmọ tó ti ń wẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́, ìyá tó ń fi omi náà fọ aṣọ, ẹni tó ń jẹ ẹja ibẹ̀ ńkọ́?

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ ara wò?

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáhùn irú ìbéèrè yìí. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí irun lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n á wọn iye kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń lọ sókè àbí ó ń wálẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń ṣàìsàn nìkan ni wọ́n ń wá. Bí gbogbo ìlú ṣe wà ni wọ́n fẹ́ mọ̀, kí ìjọba lè mọ irú òfin tó yẹ kó ṣe.

Kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí wọ́n ti ń wá a. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń wá òjé. Láàárín bí oṣù kan, ìdajì òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti lè kúrò níbẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì jó: púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ fara pamọ́ sínú eegun, ibẹ̀ ló sì lè wà fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́kúrì tí àwọn awakùsà fi ń kó wúrà jọ, tí wọ́n á wá fi iná sun, inú ìtọ̀ la ti ń rí i. Èyí tó bá gba ara ẹja wọlé, inú irun ló máa ń hàn sí. Irun orí ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù kan, torí náà irun tó gùn díẹ̀ lè sọ ìtàn oṣù mẹ́fà fún wa. Ti oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà, inú ìtọ̀ ni, kíákíá ló sì máa ń lọ. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tún dáa fún nǹkan kan. Òjé lè gba inú omi wọlé, ó lè gba inú eruku, tìróò ojú, ọ̀dà ara ògiri tàbí oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá yẹ omi nìkan wò, ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ rí. Ẹ̀jẹ̀ á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Gìrì tí kì í ṣe gìrì

Ní Zamfara lọ́dún 2010, àwọn ọmọdé ń kú ṣáá ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma. Gìrì ń gbé wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á kú. Ibà àti àwọn àìsàn tá a ti mọ̀ lèèyàn kọ́kọ́ máa ń rò nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières (MSF) wà lára àwọn tó kíyè sí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, òjé ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ibo ni òjé ti wá? Òkúta wúrà àgbègbè náà ní òjé púpọ̀ nínú. Inú agboolé ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń rá lé, wọ́n sì ń ti ọwọ́ bọ ẹnu.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní abúlé méjèèjì yẹn fi hàn pé nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ló ti kú láàárín ọdún kan. Nínú 204 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní microgram 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú déṣílítà ẹ̀jẹ̀ kan. (Microgram kan ni ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, déṣílítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà.) Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2021 pé tó bá ti tó 5 péré, ó ti yẹ kí wọ́n wá ibi tó ti ń wá. Ẹ wá wo 45! Lápapọ̀, àwọn ọmọ tó kú ní Zamfara ju 400 lọ.

Nọ́ńbà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ abúlé tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúrò, àti ọmọ tó yẹ kó gba oògùn tó ń fa òjé jáde. Ṣùgbọ́n tí iyẹ̀pẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀, asán ni oògùn, torí ọmọ náà á tún padà lọ gbé òjé mì. Ní Bagega, ọdún 2013 ni iṣẹ́ ìtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀, kí ìtọ́jú àwọn ọmọ tó lè tẹ̀ lé e. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yí òfin padà

Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní NHANES. Láti 1999, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ nǹkan bí 5,000 èèyàn wò nínú ọkọ̀ ńlá tó ń lọ káàkiri. Àmọ́ ìgbà tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ dún dáadáa ni ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù olójé.

Láàárín 1976 sí 1980, òjé inú bẹntiróòlù ń dín kù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn, òjé inú rẹ̀ náà ti fi nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, ó ju bí wọ́n ṣe retí lọ. Lásìkò yẹn gan-an, àwọn kan ní ìjọba fẹ́ dẹ òfin náà. Èsì ẹ̀jẹ̀ yìí ni wọ́n fi dá wọn lóhùn, dípò kí òfin dẹ̀, ńṣe ló tún le sí i ní 1985. Gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà nílẹ̀ Áfíríkà fi bẹntiróòlù olójé sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, Algeria ló sì kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní 2021.

Tiwa tó sún mọ́lé ni Ògíjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù láti gba òjé inú rẹ̀. Ní 2025, àwọn akọ̀ròyìn The Examination àti New York Times ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún èèyàn 70 tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí. Méje nínú mẹ́wàá ló ní òjé tó lè ṣe ìpalára. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ti ń ráhùn nípa èéfín. Èéfín ṣeé jiyàn lé lórí. Ó ṣòro láti bá nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹni jiyàn. Àbí?

Ẹdẹ ńkọ́?

Irú ètò tí ń lọ lọ́dọọdún bíi ti Amẹ́ríkà kò tíì sí ní Nàìjíríà. Ẹ má sọ pé a ò ní ọpọlọ tó lè ṣe é o. Ní Ẹdẹ níbí, ní ACEGID tó wà ní Redeemer's University, ni wọ́n ti ka àbùdá kòrónà tí wọ́n kọ́kọ́ kà jáde nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹta 2020. Yunifásítì yẹn kan náà ló ní ACEWATER, ibùdó ìwádìí nípa omi àti àyíká.

Ìlú wa gan-an dáa fún irú ìwádìí yìí, torí omi wa ò ti ibì kan náà wá. Orí odò Ẹ̀rìnlẹ̀ ni ìsédò wa wà, kì í ṣe orí Ọ̀ṣun. Àwọn kan ń mu omi ẹ̀rọ, àwọn kan ń fa omi kànga, àwọn mìíràn ṣì ń lọ sódò. Ẹ mú agbo ilé díẹ̀ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan láìṣe ojúsàájú, ẹ fi àwọn aboyún àti ọmọdé ṣáájú, torí ọpọlọ ọmọ ni òjé àti mẹ́kúrì kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Ẹ fi àwọn awakùsà kún un. Ẹ bi wọ́n nípa tìróò, ìpara abóra àti ẹja tí wọ́n ń jẹ. Tí ti àwọn tó ń lo odò bá ga ju ti àwọn yòókù lọ, a mọ ibi tí ìjọba máa kọjú sí. Tó bá jẹ́ pé tìróò tàbí ìpara ló ń fà á, ọjà ni wọ́n máa lọ, kì í ṣe odò.

Ohun méjì ni ò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fún oníkálukú ní èsì tiẹ̀ ní èdè tó gbọ́, láìjẹ́ kí aládùúgbò rí i. Èkejì, kí ọ̀nà ìtọ́jú ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Kò sí ìyá tó máa gbé ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì fún ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ tí ò padà wá.

Tí wọ́n bá tún kéde pé àwọn ti yẹ omi Ọ̀ṣun wò, ẹ bá wa yọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ìkéde náà: àwa tá a ń lò ó, ìgbà wo lẹ máa yẹ̀ wá wò?