Axle Ẹ̀yìn Pijó 504: Èwo Ló Yẹ Ọkọ̀ Tìẹ?

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń tún mọ́tò alágbára àtijọ́ ṣe, irú Mustang, mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ńlá nìkan kò tó. Axle ẹ̀yìn ló ń gbé agbára yẹn dé táyà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń wá axle Ford oní-ínǹṣì mẹ́sàn-án tó jáde ní 1957: ó lágbára, odidi jíà inú rẹ̀ sì ṣeé yọ láti iwájú.

Ní tiwa níbí, Pijó 504 ni baba ọkọ̀ àtijọ́. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná nígbà náà lọ́hùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrà ra sitéṣọ̀n rẹ̀ ògbólógbòó, ó fẹ́ máa fi kó ọsàn láti Fìdítì lọ sí Ìbàdàn. Ẹnìkan ní kó gbé ẹ̀yìn sálúùnù sí i, pé ara ọkọ̀ á rọ̀. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, dúró ná o!"

Ẹ wò ó: ní 504 GL sálúùnù, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀. Ó tu ará lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n axle ti sitéṣọ̀n jẹ́ ọ̀pá líle kan ṣoṣo, sípírín méjì-méjì ló sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Ọsàn kì í ṣe fùlùfúlù!

Ohun kejì ni jíà. Tí jíà kékeré bá ní eyín 10, tí ńlá ní 40, sáfùtì máa yí ìgbà 4 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Tí ńlá bá ní 35, ó di 3.5. Ká ní táyà rẹ ń rin mítà 2 nígbà tó bá yí ẹ̀ẹ̀kan. Tí o bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan lórí gíà tààrà, ẹ́ńjìnnì á máa yí bíi 2,670 ní ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú 4, pẹ̀lú 3.5, bíi 2,330. Èyí tó pọ̀ ń fi ẹrù gun òkè; èyí tó kéré ń dẹ ẹ́ńjìnnì lára lójú títì.

Báwo lo ṣe máa mọ tìẹ? Sáfùtì 504 wà nínú páìpù, o ò lè rí i. Pa ọkọ̀, yọ púlọ́ọ̀gì, gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè lórí ìdúró tó lágbára, fi òkúta há àwọn tó kù. Wọ gíà kẹrin, yí táyà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì géérégé, kí ẹnìkejì máa ka iye ìgbà tí púlì iwájú ẹ́ńjìnnì yí. Iye yẹn ni.

Páìpù yẹn náà ló fà á tí axle ọkọ̀ mìíràn kò fi lè wọlé wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá gé e, tó sì jó o pọ̀, tí kò tọ́ gbọọrọ, bíárìn àti táyà ló máa jẹ ẹ́ níyà. Bó bá sì já lórí eré ńkọ́? Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi fi axle sitéṣọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Bíárìn, síìlì, ọ́ìlì jíà àti búréèkì ló ṣe. Ìwọ ńkọ́, mélòó ni axle ọkọ̀ bàbá rẹ?