Páàtì Ọkọ̀: Èwo Ni Ká Fowó Ńlá Rà, Èwo Ni Ká Fowó Kékeré Rà?

  

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ bá ara wa sọ. Kì í ṣe gbogbo wa la ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í fi ọkọ̀ kẹ́rù nínú wa. Àwọn kan ti dáwó jọ ra bọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn ra ọkọ̀ fún ọmọ kó máa fi ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni mẹkáníìkì ń wá gbowó.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dún tó kọjá, bọ́ọ̀sì tí àwa ará ìsọ̀ ata fi owó àjọ rà ń ti oko bọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, ni bíréèkì ò bá mú mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, dírẹ́bà yà wọ igbó, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ata fọ́n ká, tòmátì di omi, owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan ṣe bẹ́ẹ̀ wọmi. Nígbà tí wọ́n tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, bíréèkì páàdì tí kò tíì lo oṣù méjì ti jẹ tán, irin ló ń ha irin. Ẹni tí a rán lọ rà á ní, "Ọ̀pọ̀ ni mo rà á." Ọ̀pọ̀ wo ló tún kù níbẹ̀?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká rò pé orígínà àti ayédèrú nìkan ló wà. Ẹ fi wé aṣọ tí à ń tà. Hollandis wà, tí Vlisco ń ṣe ní Netherlands. Àǹkárá ilé iṣẹ́ mìíràn wà, tó fi orúkọ ara rẹ̀ tà á, tí kì í ṣá, tí owó rẹ̀ sì rọjú. Ìyẹn kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ Vlisco sí etí aṣọ tí Vlisco ò mọ̀ nípa rẹ̀, olè nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni páàtì rí. Èkíní ni èyí tó wà nínú páálí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, bíi Toyota. Òun ló sábà máa ń wọ́n jù. Èkejì, Toyota kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo páàtì. Denso àti Aisin wà lára àwọn tó ń bá a ṣe é, wọ́n sì tún ń fi orúkọ tiwọn tà. Owó èyí sábà máa ń dín, iṣẹ́ rẹ̀ ò dín. Ẹ̀kẹta ni ti ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe páàtì tó bá ọkọ̀ náà mu. Òmíràn nínú wọn dára gan-an, òmíràn ò ju kó gbé yín délé lọ. Ẹ̀kẹrin ni tòkunbọ̀, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù. Ayédèrú ò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúkọ wọn ló ń jí lò.

Èwo wá ni ká rà? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ibi tí ẹ̀mí so mọ́ ni ká kówó sí: bíréèkì, táyà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti ohun gbogbo tó di sitiárí mú. Lẹ́yìn náà ni ohun tó lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́: fílítà ọ́ìlì àti táímìn bẹ́líìtì. Bí bẹ́líìtì yìí bá já, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, fáàfù á tẹ̀, ìnáwó ńlá sì dé nìyẹn. Ẹ má ra àwọn wọ̀nyí ní tòkunbọ̀ rárá. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ti táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Dígí ẹ̀gbẹ́, bọ́ńpà, ilẹ̀kùn ńkọ́? Ẹ ra tòkunbọ̀ tàbí ti ilé iṣẹ́ mìíràn, kò léwu.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ọlọ́jà. Ká ní páàdì kan jẹ́ ₦10,000, tó ń lo oṣù 2. Lọ́dún kan, ẹ ó rà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà: ₦60,000, láìka owó iṣẹ́ mẹkáníìkì. Bí òmíràn bá jẹ́ ₦30,000, tó lo ọdún kan gbáko, èwo ló wọ́n?

Bí ẹ bá dé Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Gate n'Íbàdàn, ẹ mú páàtì àtijọ́ dání, kí ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé tuntun. Ẹ má rán mẹkáníìkì nìkan, torí àwọn kan ń gba tiwọn lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ṣebí àwa náà ń ṣòwò, a mọ̀ ọ́n. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, bóyá lẹ́tà kan ti sọnù tàbí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ìsọ̀ àti irú páàtì tí ẹ rà. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa láyè láti dá ọjà tó lábùkù padà, rìsíìtì sì ni ẹ̀rí wa. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ fa páálí náà ya. Àwọn oníjìbìtì ń ṣà á lórí ààtàn láti fi di ayédèrú.

Ọkọ̀ wa á lọ, á bọ̀. A ò ní fi ọwọ́ ara wa ra ìjàmbá o.